Àlùbọ́sà kì í pọ́n ní ìṣẹ́jú 5, ẹ yé parọ́ fún wa

Mo tún rí òmíràn láàárọ̀ yìí, mi ò tíì kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì gan-an. Fídíò kan ni, wọ́n kọ "oúnjẹ ìrọ̀rùn, ìṣẹ́jú 10 péré" gàdàgbà sí i lórí, ẹni tó ń se é da àlùbọ́sà sínú páànù, ó rò ó lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n gé fídíò, ká tó ṣẹ́jú báyìí àlùbọ́sà ti pọ́n, ó ti rọ̀, ó ń dán. Ẹ dákun, ìṣẹ́jú mélòó ló wà níbi tí wọ́n gé yẹn? Torí ibẹ̀ gan-an ni oúnjẹ náà wà, ibẹ̀ náà ni wọ́n wá gé sọnù. Inú bí mi débi pé mo ju fóònù sílẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ̀ pé àwa mẹ́fà kan wà tá a máa ń gbé oúnjẹ fún ara wa ní Sátidé. Kì í ṣe àríyá, kì í ṣe ìdíje, kálukú á se nǹkan tágbára ẹ̀ ká, á bù ú sínú abọ́ tó ní ọmọrí, á gbé e lọ sílé ẹni tó bá kàn. Ìlànà méjì péré la ní: kó jẹ́ nǹkan tẹ́nikẹ́ni lè sè nílé láìṣe wàhálà, kó má sì pẹ́ níta ju wákàtí 2 lọ kó tó délé ẹni tó máa jẹ ẹ́, torí oúnjẹ sísè tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ sójú kan báyìí, kíá ni kòkòrò àìfojúrí á ti máa bí sí i nínú ẹ̀. Mi ò lè ṣàlàyé bí nǹkan kékeré yìí ṣe ń mú inú mi dùn tó. Kéèyàn gbọ́ tí wọ́n kan ilẹ̀kùn, kó ṣí i, kó rí abọ́ tí ooru ṣì ń gun ọmọrí ẹ̀.

Nígbà tó kàn mí, mo ní ẹyin alálùbọ́sà ni mo máa ṣe, èyí tí àlùbọ́sà ẹ̀ máa ń pọ́n dáadáa tó sì máa ń dùn bíi pé wọ́n bu ṣúgà sí i, kí n fi búrẹ́dì tì í. Mo wá rẹ̀sípì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì: àlùbọ́sà ńlá 4, ẹyin 6, òróró ṣíbí 2, iyọ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ ketekete pé kí n dín àlùbọ́sà fún ìṣẹ́jú 5 sí 8 títí tó fi máa pọ́n. Mo gbà wọ́n gbọ́. Ago 12 ni ẹ̀gbọ́n tó kàn ń retí mi, mo dáná ní 11:20, mo tiẹ̀ rò pé mo ti tètè bẹ̀rẹ̀ jù.

Ìṣẹ́jú 5 pé, funfun báláú ni àlùbọ́sà, omi ló ń sun jáde lára ẹ̀. Ìṣẹ́jú 8 pé, ó kàn rọ̀ díẹ̀ ni, kò sí pípọ́n kankan. Mo rò pé iná ni kò tó, mo tan án sókè. Ẹ̀bá ẹ̀ wá jó dúdú bíi bébà tí iná rà, àárín ẹ̀ ṣì ń ró kèrékèré lẹ́nu, èéfín kún ojú mi, àsìkò ti lọ, mo fọ́ ẹyin sí i bẹ́ẹ̀. Ó koro. Mo gbé e lọ náà torí mo ti ṣèlérí. Ẹ̀gbọ́n kí mi dáadáa, wọ́n ní "o ṣeun, o kú làálàá," wọ́n sì jókòó jẹ ẹ́ lójú mi kí n lè mọ̀ pé wọ́n gbà á. Àmọ́ mo ń wo fọ́ọ̀kì wọn. Wọ́n ń ṣa àlùbọ́sà tó jó yẹn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tò ó sí ẹ̀gbẹ́ àwo, jẹ́jẹ́, wọn ò fẹ́ kí n rí i. Ó dùn mí wọra. Ó tó oṣù kan tí mi ò gbé oúnjẹ fún ẹnikẹ́ni, mo gbà lọ́kàn mi pé mi ò ní ọwọ́ oúnjẹ ni.

Ìgbà tí mo lọ sílé ọ̀rẹ́ mi kan ni ojú mi tó là. Màmá ẹ̀ ń dín àlùbọ́sà, mo kí wọn tán mo bi wọ́n pé "Mà, ìṣẹ́jú mélòó lẹ máa ń lò?" Wọ́n ní "títí tó fi máa jinná ni." Mi ò sọ nǹkan kan, mo kàn ń wo aago. Ìṣẹ́jú 47. Ìkòkò tí ìdí ẹ̀ nípọn, iná kékeré, iyọ̀ díẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ kí omi ara ẹ̀ lè tètè jáde, nígbà tó bá sì fẹ́ lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò wọ́n á ta omi ṣíbí kan sí i, wọ́n á fi ṣíbí onígi họ ọ́, pupa tó wà nísàlẹ̀ yẹn á padà wọ inú àlùbọ́sà. Ìkòkò tó kún tẹ́lẹ̀ wá di nǹkan tí àtẹ́lẹwọ́ kan lè gbà.

Mo délé mo kà nípa ẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún, nǹkan bíi 89 lára àlùbọ́sà, omi ni. Níwọ̀n ìgbà tómi yẹn bá ṣì wà nínú ìkòkò, kò lè gbóná ju nǹkan bíi 100°C lọ, bẹ́ẹ̀ kó tó sún mọ́ 140°C, pípọ́n yẹn kì í yá. Ọmọ Faransé kan, Louis-Camille Maillard, ló kọ́kọ́ kọ̀wé nípa ẹ̀ ní 1912. Màmá ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí, wọ́n kàn mọ̀ pé omi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ ni.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní kéèyàn fi sódà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì (baking soda) díẹ̀ sí i. Òótọ́ ni, á yá, àmọ́ á yọ̀ kẹ̀lẹ̀kẹ̀lẹ̀, tó bá sì fi díẹ̀ pọ̀ jù báyìí á máa run sódà lẹ́nu. Àwọn tó máa ní "ta ló ráyè" náà ń bọ̀, mo ti mọ̀ yín. Ohun tó yá yàtọ̀ sóhun tó rọrùn! Àlùbọ́sà yẹn rọrùn, ọmọdé lè dín in, kéèyàn ṣáà dúró tì í ni. Ẹni tó kọ ìṣẹ́jú 5 sílẹ̀ ò mọ̀ pé tó bá bàjẹ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́, ara ẹ̀ lèèyàn máa dá lẹ́bi, kì í ṣe rẹ̀sípì.

Mo tún un ṣe. Ìṣẹ́jú 50, mo sì gbé ẹyin kúrò lórí iná nígbà tó ṣì tutù díẹ̀ lójú, torí ooru páànù á parí ẹ̀. Ilé ẹ̀gbọ́n yẹn náà ni mo gbé e lọ. Wọ́n fi búrẹ́dì nu àwo ọ̀hún mọ́ tónítóní, wọ́n ní kí n kọ bí mo ṣe ṣe é ránṣẹ́ sí gbogbo wa. Mo kọ ọ́, mo kọ ìṣẹ́jú 50 sí i. Àbúrò tó kéré jù nínú wa dáhùn pé "50 kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa bá mi gbé tiyín wá," di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí kò tíì dán an wò.

Ó wá ń jẹ mí lọ́kàn. Ká ní rẹ̀sípì àkọ́kọ́ yẹn sọ òótọ́ fún mi, ká ní wọ́n kọ ìṣẹ́jú 50 síbẹ̀, ṣé mo máa mú ọ̀bẹ lọ́jọ́ yẹn? Mi ò mọ̀. Àwọn kan nínú yín ti ń béèrè rẹ̀sípì ọ̀hún lọ́wọ́ mi látàná, mo ti tẹ gbogbo ẹ̀ tán sínú fóònù, ó ku ibi tí mo ti fẹ́ kọ àkókò.