Cody gba bẹ́líìtì níbi pátì tóun fúnra ẹ̀ ṣe: ṣé ó tọ́ bẹ́ẹ̀?

Ọmọ Ọ̀fà Gidi: Ẹ̀yin ará, mo tún jókòó wo eré rẹ́sílìn All In àkọ́kọ́ yẹn lálẹ́ àná, ti September 1, 2018, èyí tí Cody Rhodes àti àwọn Young Bucks, tẹ̀gbọ́n tàbúrò méjì tó jọ ń jà, fọwọ́ ara wọn ṣe ní Sears Centre, ní Hoffman Estates lẹ́bàá Chicago, inú sì tún bí mi bó ṣe bí mi nígbà yẹn. Ẹni tí ò bá rántí, ẹ gbọ́ bó ṣe lọ: Matt Cross na MJF, Christopher Daniels na Stephen Amell, òṣèré tó ń ṣe Arrow lórí tẹlifíṣọ̀n nígbà yẹn, Tessa Blanchard na obìnrin mẹ́ta pọ̀, Cody gba bẹ́líìtì àgbáyé ẹgbẹ́ rẹ́sílìn NWA lọ́wọ́ Nick Aldis, Hangman Page na Joey Janela, Jay Lethal na Flip Gordon, Kenny Omega na Pentagón, Okada na Marty Scurll, Young Bucks àti Ibushi wá na Rey Mysterio, Fénix àti Bandido kẹ́yìn. Ẹ wò ó dáadáa. Àwọn mẹ́ta tó ni pátì, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wọlé. Ẹni tó dáná, òun ló bu ọbẹ̀, òun ló ṣa ẹran ńlá, ó tún ní ká wá pàtẹ́wọ́ fóun. Èyí ò dáa o.

Sísí Rẹ́sílìn: Ọmọ Ọ̀fà, o ti tún bẹ̀rẹ̀. Ta lo wá fẹ́ kó wọlé? Ká ní Aldis ló wọlé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, gbogbo èèyàn tó wà ńbẹ̀ á kàn ká apá, wọ́n á máa lọ sílé bí ẹni tó ti ibi ìsìnkú bọ̀ ni. Bàbá Cody, Dusty Rhodes, ẹ̀ẹ̀mẹta ló gba bẹ́líìtì yẹn, 1979 ló kọ́kọ́ gbà á, ó kú ní 2015, ọmọ ẹ̀ wá gbà á ní 2018. Kò sí bàbá àtọmọ tó jọ gba bẹ́líìtì NWA yẹn rí ṣáájú wọn. Ṣé o tiẹ̀ rí ojú ẹ̀ nígbà tó gbá a mọ́yà, tí ẹ̀jẹ̀ ti bo iwájú orí ẹ̀? Èmi sunkún o, mi ò ní purọ́.

Ẹnu Ò Sé: Àgbàlagbà ń sunkún lórí ìjà àdéhùn 😂😂 Wọ́n ti jọ sọ ọ́ tán nínú yàrá kí wọ́n tó jáde, ta ló gbà á ta ni ò gbà á, kí ló kàn mí ńbẹ̀.

Àgbà Ọ̀jẹ̀: Ẹnu Ò Sé ọmọ mi, eégún tó ń jó lójúde yín, ṣé o ò mọ̀ pé èèyàn ló wà nínú ẹ̀ ni? O sì ń sá tó bá lé ẹ. Bí rẹ́sílìn náà ṣe rí nìyẹn, kò sẹ́ni tó ń tan ẹnikẹ́ni jẹ. Àti pé nítorí pé àdéhùn ni gan-an lọ̀rọ̀ Ọmọ Ọ̀fà ṣe yẹ ká gbọ́. Tó bá jẹ́ agbára ni wọ́n fi ń gbà á, ẹni tó lágbára ti gbà á, ọ̀rọ̀ tán. Àmọ́ tó bá jẹ́ ẹnìkan ló ń jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ pé lágbájá ló máa wọlé, a gbọ́dọ̀ bi onítọ̀hún pé kí ló dé tó fi jẹ́ orúkọ tìẹ lo kọ.

Ọmọ Ọ̀fà Gidi: Bàbá, ẹ̀mí yín á gùn. Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn. Nílé tiwa, ìjàkadì lorò Ọ̀fà, gbogbo ayé ló mọ̀, tí ẹ̀yìn ẹ bá ti kanlẹ̀ o ti ṣubú nìyẹn, kò sí pé o ń bẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ wá wo bí Cody ṣe gbà á o. Aldis gun orí okùn, ó fẹ́ fò lé e, Brandi ìyàwó Cody sáré bo ọkọ ẹ̀ mọ́lẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ Aldis bá bà lé ìyàwó oníyàwó. Ṣáájú ìgbà yẹn, DDP, ìyẹn Diamond Dallas Page, àgbà oníjà, ti bọ́ síbẹ̀ ó ti fi Diamond Cutter, ọgbọ́n ìjà tiẹ̀, gbé Daivari tó tẹ̀lé Aldis wá. Nígbà tó yá Aldis ní kóun yí i dànù, Cody kàn jókòó lé e lórí, rẹfirí ka ení èjì ẹ̀ta. Ìjókòó! Ìjókòó ló fi gba bẹ́líìtì bàbá ẹ̀!

Alákọsílẹ̀: Ẹ jẹ́ n tún un ṣe díẹ̀ torí ọ̀rọ̀ yìí ti ń lọ́. Bẹ́líìtì NWA kì í ṣe ti Cody, kì í ṣe ti àwọn Young Bucks, Billy Corgan olórin Smashing Pumpkins ló ra NWA ní 2017, òun ló ni ín, tí ò bá fọwọ́ sí i Cody ò lè gbé e kúrò ńlẹ̀. Èkejì, October 21 ọdún yẹn náà ni Aldis gba nǹkan ẹ̀ padà ní Nashville, ìjà ẹ̀ẹ̀mẹta tẹ́ni tó bá na ẹnìkejì lẹ́ẹ̀mejì á wọlé. Ẹ ṣírò ẹ̀ ẹ wò ó, 50 ọjọ́ péré ni. Ẹni tó jí ẹran nínú ìkòkò kì í dá a padà lẹ́yìn 50 ọjọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tẹ́tẹ́ ló bí gbogbo eléyìí. Ní 2017 lẹ́nìkan bi Dave Meltzer tó ń kọ ìròyìn rẹ́sílìn lórí Twitter pé ṣé ilé iṣẹ́ rẹ́sílìn Ring of Honor lè ta tíkẹ́ẹ̀tì 10,000 láé, Meltzer ní kò tíì sún mọ́ ibẹ̀, Cody bá ní òun gbà, òun á bá a ta tẹ́tẹ́ ẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì jáde ní May 13, 2018, kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó pé ó ti tán. 11,263 èèyàn ló wá. Láti 1993 kò sẹ́ni tó ta 10,000 ní Amẹ́ríkà rí tí kì í bá ṣe WWE tàbí WCW, àwọn ilé iṣẹ́ rẹ́sílìn ńlá.

Akin Peckham: Ẹ̀yin ẹ máa jà lórí Cody, èyí tó dun èmi ni ìjà tó kẹ́yìn. Mo ní àsìkò tí wọ́n rà lórí tẹlifíṣọ̀n ti fẹ́ tán kí wọ́n tó bọ́ síbẹ̀! Okada àti Scurll ti jẹ tó ìṣẹ́jú 26, ìjà yẹn dáa o, mi ò sọ pé kò dáa, àmọ́ ìgbà tó máa kan Rey Mysterio tó múra bíi Wolverine, tó kan Fénix, tó kan Bandido, tó kan Ibushi, àwọn mẹ́fà tí wọ́n lè fò bí ẹyẹ, wọn ò lò tó ìṣẹ́jú 12. Wọ́n ń sáré bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ já sílẹ̀. Ẹnìkan fò, ẹnìkejì ti ń fò lé e lórí kí o tó ṣẹ́jú. Wọ́n wá fi ọgbọ́n ìjà tí wọ́n ń pè ní Meltzer Driver gbé Bandido, ó parí. Ẹ gbọ́ orúkọ yẹn ná, Meltzer. Orúkọ ẹni tó ní èrò ò lè pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ti ilẹ̀kùn.

Sísí Rẹ́sílìn: Ẹ̀gbọ́n Akin, ẹ ti bá mi dá Ọmọ Ọ̀fà lóhùn. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ṣe pátì kí wọ́n lè jẹun lásán, ṣé àwọn onípátì fúnra wọn ni àsìkò á tán lé lórí? Egungun ló kù sí àwo Young Bucks níbẹ̀.

Èmi ní ẹjọ́ tèmi o, kì í sì í ṣe ti Cody. Ìjà àwọn obìnrin. Ẹyọ kan péré! Blanchard, Britt Baker, Chelsea Green, Madison Rayne, wọ́n rọ́ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú ìjà kan ṣoṣo bí èrò dánfó, wọ́n wá fún òṣèré tẹlifíṣọ̀n ní odidi ìjà tiẹ̀ nìkan. Òun tó lọ fò lé tábìlì, tí Daniels yẹ̀ fún un, tó kó ara ẹ̀ lé tábìlì.

Ọmọ Ọ̀fà Gidi: Ti Amell yẹn, ẹ má bú u o Sísí, ó ṣe bí ọkùnrin. Ọ̀pọ̀ òṣèré ò ní fò lé tábìlì kankan, inú ọkọ̀ ni wọ́n máa wà.

Sísí Rẹ́sílìn: Mi ò bú u. Tábìlì yẹn ni mo ń kẹ́dùn ẹ̀.

Ọ̀tọ̀ Lọ̀rọ̀: Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ní indie, ìyẹn rẹ́sílìn tí kò sí lábẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá, ni All In? Mo rí i tí gbogbo yín ń pariwo pé àwọn ọmọ ṣe é fúnra wọn, fúnra wọn. Ring of Honor ló bá wọn ṣètò kámẹ́rà àtohun gbogbo, ilé iṣẹ́ Sinclair tó ní tẹlifíṣọ̀n káàkiri Amẹ́ríkà ló sì ni Ring of Honor nígbà yẹn. New Japan, ilé iṣẹ́ rẹ́sílìn ní Japan, ló ni Okada nígbà yẹn. WGN America ló gbé wákàtí àkọ́kọ́ sórí afẹ́fẹ́, ibi tí SCU ti na àwọn Briscoe. Ìjà kéékèèké tí wọ́n ń jà nínú gbọ̀ngàn ilé ìjọsìn, tí èèyàn 80 jókòó sórí àga onírin, tí ẹni tó jà náà ló ń ta T-shirt lẹ́nu ọ̀nà, ìyẹn ni indie.

Alákọsílẹ̀: Ọ̀gá, tí mo bá ṣe ìnáwó, mo ya kánópì àti àga lọ́wọ́ aládùúgbò, ẹ̀gbọ́n mi bá mi gbé jẹnẹrétọ̀ wá, ṣé ìnáwó ti di ti aládùúgbò ni? Owó tí ì bá jóná tíkẹ́ẹ̀tì ò bá tà, ọrùn ta ni ì bá wà? Wọ́n pe ilé iṣẹ́ Impact, wọ́n pe NWA, wọ́n pe Ring of Honor, wọ́n pe Japan, wọ́n pe Mexico, kò sí ilé iṣẹ́ kan tó ń pàṣẹ fún wọn. Ìyẹn gan-an ló mú kó dùn. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn ni Tony Khan kó owó wá, January 1, 2019 wọ́n kéde ilé iṣẹ́ rẹ́sílìn AEW, ó ti di ilé iṣẹ́ nìyẹn.

Akin Peckham: Òótọ́ ni o. Èmi wà ní Wembley ní London ní August 27, 2023, tí wọ́n tún ṣe All In. AEW ní àwọn ta 81,035, kánsù Brent, ìjọba àdúgbò ibẹ̀, wá ní èèyàn 72,265 ló gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ẹ mú èyí tó bá wù yín, ibẹ̀ kún. Ó dùn gan-an, mo pariwo títí ohùn mi fi há. Àmọ́ àṣẹ́kù ọ̀rọ̀ ni pé ilé olówó ni mo lọ lọ́jọ́ yẹn. Ti 2018 yẹn dà bí ìgbà tí àwọn ọmọ àdúgbò dáwó ra bọ́ọ̀lù.

Ẹnu Ò Sé: Indie kò, indie ni. Ọmọ wa Oba Femi ò jà nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kankan, shot put ló ń jù ní yunifásítì Alabama kí WWE tó mú un, January 2024 ló gba bẹ́líìtì North American lọ́wọ́ Dragon Lee, ó gbé e fún 273 ọjọ́, January 2025 ó tún gba ti NXT, ẹ̀ka WWE. Kí lẹ̀yin ń fi indie ṣe?

Sísí Rẹ́sílìn: Ẹ gbà mí o. Ẹni tó ní kí ló kan òun. Ó mọ iye ọjọ́!!

Àgbà Ọ̀jẹ̀: 273 😂 Ọmọ yìí, eégún ti lé ẹ délé.

Ẹnu Ò Sé: Torí pé ọmọ ilé ni mo ṣe ń wo tiẹ̀ jàre. Èèyàn á sọ pé òun ò mọ orúkọ Fẹ́mi?

Ọmọ Ọ̀fà Gidi: Ó dáa, Alákọsílẹ̀, ọ̀rọ̀ Corgan yẹn wọ̀ mí létí, n kì í ṣe olórí kunkun. Tí ẹni tó ni bẹ́líìtì bá ní kó máa gbé e lọ, mi ò lẹ́jọ́ mọ́ lórí ẹni tó fún un. Àmọ́ mi ò ní gbà láé nípa bó ṣe gbà á. Ẹ jẹ́ kó na Aldis! Ìyàwó wá gba ìgbọ̀nwọ́, DDP wá, ajá tiẹ̀ tẹ̀lé e wọlé, Pharaoh, gbogbo ẹbí ló kó wá. Omega àti Pentagón ò kó ẹbí wá, àwọn méjì ni wọ́n lu ara wọn, ìyẹn ló sì dáa jù nínú gbogbo ìjà ọjọ́ yẹn lójú tèmi.

Sísí Rẹ́sílìn: Lórí Omega àti Pentagón, a jọ wà lójú kan. Àmọ́ ti Cody, ìtàn ẹbí ni, kí ló dé tí ẹbí ò ní wá? Ṣé o fẹ́ ṣe ìgbéyàwó kó o má pe ìyá ẹ?

Ọmọ Ọ̀fà Gidi: Ìyá mi ò ní bá mi jókòó lé ẹnikẹ́ni lórí.

Àgbà Ọ̀jẹ̀: O ò mọ ìyá ẹ.

Ẹnu Ò Sé: Ẹ dúró ná. Mo ti ń wò ó láti ìṣẹ́jú tó ti pẹ́ díẹ̀, ẹ má pariwo. Omega yẹn ti wọlé, ó ń kí èrò, iná kú, iná dé, Pentagón tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nà tó ń ké ìrora wá dìde gán-án, ó ń lu Omega. Ara ẹ̀ sì ti sanra sí i. Ṣé Pentagón méjì ló wà ni?

Sísí Rẹ́sílìn: Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ fún un o! Ẹnu Ò Sé, máa wò ó lọ, kó ṣí ìbòjú yẹn ná.

Alákọsílẹ̀: Oníjà Chris Jericho ni, ọkọ̀ ojú omi tó fẹ́ ṣe rẹ́sílìn lórí ẹ̀ ní October ọdún yẹn ló wá polówó.

Sísí Rẹ́sílìn: Alákọsílẹ̀!!!!