Ẹ Tún Kànga Wa Ṣe Ná, Kí Ẹ Tó Wá Kéde Ètò Míì

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi. Ẹgbẹ́ aláàánú kan wà nílùú Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, mi ò ní dárúkọ wọn, àwọn fúnra wọn máa mọ ara wọn. Lọ́yà, oníṣòwò ńlá, ọ̀gá iléèwé, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, irú wọn ló pọ̀ níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n tún fi ìwé ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa. Ètò ìlera ọ̀fẹ́ ń bọ̀. Olùdánilẹ́kọ̀ọ́ pàtàkì ń bọ̀ láti Ìbàdàn. Wọ́n fẹ́ fi ìpìlẹ̀ iṣẹ́ tuntun lélẹ̀, lẹ́yìn náà ni ìfinijoyè ààrẹ wọn tuntun nínú oṣù July, a sì gbọ́dọ̀ kó èrò jáde, pàápàá jù lọ àwọn ìyá àgbà.

Ìyá àgbà wo? Àwọn tí wọ́n fi ebi pa nígbà tó kọjá?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nígbà yẹn, wọ́n kéde lórí rédíò, wọ́n ní kí àwọn ìmáàmù àti pásítọ̀ bá àwọn sọ fún ìjọ, pé àwọn fẹ́ yẹ ìtọ̀ ṣúgà wò lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹnikẹ́ni má jẹun láàárọ̀ kó tó wá. Aago mẹ́jọ ni wọ́n dá. Àwọn àgbàlagbà wa kì í fi ọjọ́ àdéhùn ṣeré: kó tó di aago méje ààbọ̀, gbogbo àga abẹ́ àtíbàbà ti kún. Àwọn tó ni ètò ò yọjú títí aago mẹ́wàá fi kọjá. Nígbà tí wọ́n sì dé, wọn ò mú abẹ́rẹ́ àyẹ̀wò kan jáde. Bánà ni wọ́n ń so. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ń dúró de olùdánilẹ́kọ̀ọ́. Ó dé, wọ́n kọ orin orílẹ̀-èdè, wọ́n ka ìtàn ayé alága ọjọ́ náà, wọ́n ka ti ìyá ọjọ́, wọ́n wá ka ti olùdánilẹ́kọ̀ọ́ láti iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé oyè ọ̀mọ̀wé. Ọkùnrin náà gba gbohùngbohùn, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì bá àwọn ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ àti gbúre lọ́jà Jagun sọ̀rọ̀ lórí oúnjẹ tó yẹ kí èèyàn máa jẹ. Kò sẹ́ni tó túmọ̀ rẹ̀. Yorùbá ni òun náà, orúkọ rẹ̀ Yorùbá ni, àwọn tó jókòó níwájú rẹ̀ kò sì gbọ́ ju Yorùbá lọ. Fún ta ló ń sọ̀rọ̀? Fún àwọn ẹgbẹ́ tó wà lórí ìjókòó gíga ni, àwọn tó ti jẹun wá láti ilé.

Ìyá kan jókòó ti màmá mi. Ó ti ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà tẹ́lẹ̀. Ó lo oògùn rẹ̀ láàárọ̀ bó ṣe máa ń lò ó, kò sì jẹun, nítorí pé wọ́n ní kó má jẹun. Kò sẹ́ni tó rò ó pé ó yẹ kí àwọn kìlọ̀ fún irú wọn. Bí olùdánilẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ, òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í bo ìyá yìí, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń sọ ohun tí kò ní orí tí kò ní ìdí. Ẹni tó bá ní alárùn ṣúgà nílé ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀: ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti já wálẹ̀, bí kò bá sì tètè rí nǹkan dídùn mu, ó lè dákú, ó tiẹ̀ lè kú. Ọmọ tó ń kiri píọ̀ wọ́tà ló sáré lọ ra mínírà wá. Ọmọ kékeré! Lórí ìjókòó gíga lọ́hùn-ún, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún olùdánilẹ́kọ̀ọ́.

Oorun òru tí èèyàn sùn ti tó fún irú àyẹ̀wò yẹn. Wákàtí mẹ́jọ láìjẹun ni wọ́n ń fẹ́. Bí wọ́n bá ti ń dé ni kí ẹ máa gún ìka wọn, kí ẹ fún wọn ní ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, lẹ́yìn náà kí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ máa sọ ọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kí ló ṣòro níbẹ̀?

Nígbà tí àyẹ̀wò bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru màmá mi. Ẹni tó ti jókòó sínú ooru láti àárọ̀, tí ebi ń pa, tí ẹ̀rù ṣẹ̀ṣẹ̀ bà nítorí ìyá tó ń gbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní ó ga. Ó parí síbẹ̀. Kò sí ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí, kò sí iye tí wọ́n sọ, kò sí ibi tí wọ́n ní kó gbà lọ. Dókítà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á ní kí èèyàn jókòó jẹ́ẹ́ ná, á wọ̀n ọ́n, á tún ní kó padà wá lọ́jọ́ mìíràn kó tó sọ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru. Màmá mi ò sùn lóru ọjọ́ náà. Ó ń pè mí kí n wá gbọ́ bí àyà òun ṣe ń lù.

Wọ́n tún fi tọ́ọ̀ṣì wo ojú rẹ̀, wọ́n ní ẹyin ojú òsì ti ń funfun. Èyí tiẹ̀ jẹ́ òótọ́. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù mi sínú ìwé ńlá kan, wọ́n ní àwọn á pè fún iṣẹ́ abẹ. Títí di òní olónìí, wọn ò pè. Kò sí oògùn tí wọ́n ń kán sójú tó ń mú irú ojú funfun yẹn kúrò, iṣẹ́ abẹ nìkan ni. Màmá mi ò jẹ́ kí n mú òun lọ síbòmíràn, ó ní àwọn ọ̀gá yẹn ti ṣèlérí, kí a má ṣe bí ẹni tí kò gbà wọ́n gbọ́. Ìyẹn ló ń dùn mí jù: ìgbàgbọ́ tí àwọn àgbà ní nínú wọn. Ìlú wo sì ni wọ́n ti ń ṣe èyí? Ìlú tí àwọn Onítẹ̀bọmi ti dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ láti 1907, tí ilé ìwòsàn ìkọ́ni méjì wà nínú rẹ̀ lónìí, ti Yunifásítì Bowen àti ti Yunifásítì LAUTECH. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ ojú lóòótọ́ á kọ́kọ́ lọ bá wọn jókòó, á bi wọ́n pé ẹni mélòó ni wọ́n lè gbà, á sanwó sílẹ̀, kó tó gbé tọ́ọ̀ṣì síta.

Mi ò kórìíra pé kí àlejò wá sọ̀rọ̀ o. Ní 1925, Helen Keller, obìnrin tí kò ríran tí kò sì gbọ́ràn, bá àwọn Lions, ẹgbẹ́ aláàánú bíi tiwọn, sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé wọn ní Ohio, l'Amẹ́ríkà. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jà fún àwọn afọ́jú. Wọ́n gbé iṣẹ́ ojú lé èjìká látọjọ́ yẹn, wọn ò sì sọ ọ́ sílẹ̀ dòní. Àlejò sọ̀rọ̀, iṣẹ́ tẹ̀ lé e. Ti àwa níbí, bí àlejò bá ti sọ̀rọ̀ tán, fọ́tò ló kù.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí kànga-dẹ̀rọ, torí òun gan-an ló mú mi kọ èyí. Ẹni tó bá ń gbé Ògbómọ̀ṣọ́ mọ bí omi ṣe máa ń rí láti January títí òjò á fi dé. Àpáta ló wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ wa. Kànga ilé á gbẹ, ẹ̀rọ̀fọ̀ ni ohun ìfami á máa gbé bọ̀, mẹ́rúwà á sì fi owó kún kẹ́ẹ̀gì bó ṣe wù ú. Nítorí náà, nígbà tí ẹgbẹ́ yìí gbẹ́ kànga-dẹ̀rọ fún wa, tí wọ́n gbé táńkì sókè, tí wọ́n fi sólà sí i, a dúpẹ́, a jó, a gbàdúrà fún wọn láti inú wá. Orúkọ ààrẹ ọdún náà wà lára pátákó, ó tóbi ju ti àdúgbò lọ. A ò bínú sí ìyẹn.

Ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ tó kàn ló ba páńpù náà jẹ́. Ẹni tó ń tún páńpù ṣe ládùúgbò sọ fún wa pé omi inú ilẹ̀ lọ sílẹ̀, páńpù ń ṣiṣẹ́ nínú òfo, kò sì sí ohun tí wọ́n fi sí i tí ìbá dá a dúró fúnra rẹ̀ nígbà tí omi tán. Ó jóná. A dáwó jọ. Àwọn onílé dáwó, àwọn ayálégbé dáwó, ìyá tó ń ta àkàrà lóríta mú tirẹ̀ wá nínú ọ̀rá. Ẹgbẹ́ wá ní a ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, pé ohun ìní ẹgbẹ́ ni, pé kọ́kọ́rọ́ àpótí iná rẹ̀ wà lọ́wọ́ akọ̀wé àwọn. A lọ bá akọ̀wé. Ó ní ààrẹ tó ṣe iṣẹ́ náà ti gbé ipò sílẹ̀. A lọ bá ààrẹ tuntun. Ó fi ọ̀wọ̀ gbà wá lálejò, ó sì ní iṣẹ́ ti ọdún tòun kọ́ nìyẹn.

Ohun tó wá bà mí nínú jẹ́ pátápátá ni March 22. Ọjọ́ Omi Àgbáyé ni, ọjọ́ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé (UN) ti ń ṣe láti 1993. Ẹgbẹ́ yìí kó bánà wá, ẹ̀gbẹ́ kànga tó ti kú yẹn gan-an ni wọ́n sì ti ṣe é. Olùdánilẹ́kọ̀ọ́ wá kọ́ àwọn ọmọ iléèwé bí wọ́n ṣe ń fọwọ́. Wọ́n nílò omi tí wọn yóò fi ṣàfihàn rẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ lọ gbé e wá láti ilé! Omi tí àwọn òbí wọn rà lọ́wọ́ mẹ́rúwà, wọ́n dà á sílẹ̀ fún fọ́tò, níwájú kànga tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ pa mọ́ wa. Kò sẹ́ni tó ṣí ẹnu ẹ̀rọ wò nínú wọn, àfi ọmọbìnrin nọ́ọ̀sì kan tó wá bá mi lẹ́yìn ètò, tó ní ojú ń ti òun. Ọlọ́run á bù kún un. Òun nìkan ló bi wá pé kí ló ṣe é.

Mo ti ro ìdí rẹ̀. Irú àwọn ẹgbẹ́ báyìí, Rotary àti Lions náà bẹ́ẹ̀, July 1 ni ọdún wọn ń bẹ̀rẹ̀, June 30 ló ń parí, ààrẹ kan ò sì ń lò ju ọdún kan lọ. Ó dára, kò ní jẹ́ kí ẹnì kan jókòó ti àga. Àmọ́ nínú ẹgbẹ́ tiwa yìí, ààrẹ kọ̀ọ̀kan ló fẹ́ pátákó tirẹ̀. Àtúnṣe kì í ní pátákó. Kò sẹ́ni tó ń pe àlejò láti Ìbàdàn wá wo páńpù tí wọ́n pààrọ̀. Kí wọ́n má sì sọ fún mi pé bí ètò ọdún kan ṣe máa ń rí nìyẹn. Ní 1985 ni Rotary bẹ̀rẹ̀ ètò PolioPlus láti lé àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ lọ. Ọdọọdún ni ààrẹ wọn ń yí padà, iṣẹ́ náà ò yí padà. Ní August 2020 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) tó kéde pé kòkòrò àrùn náà ti àdánidá, ìyẹn èyí tí kò ti ara àjẹsára jẹ yọ, ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Áfíríkà, títí kan orílẹ̀-èdè wa. Ọdún 35! Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀hún kọ́ ló gba ìyìn rẹ̀. Ẹ̀yin ò sì lè gba páńpù kan lọ́wọ́ ara yín láti June dé July.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀gá mi, mi ò ní kó èrò kankan jáde. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ nípàdé onílé, wọ́n sì ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ pe àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ojú yẹn, ẹ sọ òótọ́ fún wọn, kódà bó jẹ́ pé owó ò sí mọ́, kí àwọn ọmọ wọn lè mú wọn lọ sílé ìwòsàn kó tó pẹ́ jù. Ẹ fún alárùn lóúnjẹ kí ẹ tó fún un lọ́rọ̀ gbọ́, kí ẹ sì fi Yorùbá sọ ọ́. Ní ti kànga, a ò béèrè owó lọ́wọ́ yín mọ́. Owó tí a dá jọ ṣì wà lọ́wọ́ akápò, ẹni tó máa tún un ṣe ti ṣetán. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé.