Títi èbúté pa kì í ṣe eré

Inú ń bí mi láti àárọ̀. Ìdí àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn ní Ọláìyá, ní Òṣogbo níbí, ni mo wà tí rédíò ń ké, tí ọ̀gbẹ́ni kan ń dá sí ọ̀rọ̀ pípín Nàìjíríà. Ó ní kí Yorùbá má fòyà ogun rárá, pé ṣebí ilẹ̀ wa ni èbúté Àpápá wà. Bí wàhálà bá dé, a ó kàn tì í pa, ebi á kọ́ àwọn tó kù lọ́gbọ́n, ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni ò sì ní ta sílẹ̀. Àwọn tó dúró níbẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un!

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ ò ní ta sílẹ̀?

Wọ́n ti ti èbúté pa rí ní orílẹ̀-èdè yìí. Kí ìbọn àkọ́kọ́ tó dún ní oṣù Keje 1967 ni ìjọba Gowon ti fi ọkọ̀ ogun dí ojú òkun mọ́ Biafra, ìyẹn apá ìlà-oòrùn tó ní òun ti ya kúrò lára Nàìjíríà. Ọkọ̀ tí a ní nígbà náà kò pọ̀, NNS Nigeria ló tóbi jù nínú wọn, ṣùgbọ́n Biafra kò ní èyí tó lè kò ó lójú. Kí oṣù Keje náà tó parí, wọ́n ti kó ọmọ ogun gúnlẹ̀ sí Bonny, níbi tí epo rọ̀bì ti ń wọ ọkọ̀ lọ sókè òkun. Oṣù Kẹwàá ni Calabar bọ́. Oṣù Karùn-ún 1968 ni Port Harcourt tẹ̀lé e. Gbogbo wa la máa ń ki Adékúnlé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀gágun tó kó ọmọ ogun Nàìjíríà lọ síbẹ̀, lórí ogun yẹn, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, àmọ́ ta ló tiẹ̀ rántí Wey tó jẹ́ ọ̀gá àwọn ológun ojú omi?

Ṣé ogun wá parí nígbà tí Biafra ò ní èbúté kankan mọ́? Rárá o. Nǹkan bí ogún oṣù ni wọ́n tún fi jà lẹ́yìn Port Harcourt. Òru ni ọkọ̀ òfurufú ń balẹ̀ sí Uli, pápákọ̀ òfurufú Biafra, tí wọ́n ń já ìbọn àti oúnjẹ.

Ọ̀dọ̀ ìyá kan tó ń ta panla ní Ọjà Ọba ni mo gbà lọ. Ọmọ Ìgbò ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ ní Òṣogbo débi pé ó mọ oríkì àwọn oníbàárà rẹ̀. Mo sọ ohun tí mo gbọ́ fún un. Ó gbé ayùn tó fi ń rẹ́ ẹja sílẹ̀. Ó ní òun kò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ nígbà ogun. Ó ní etí ìró ni ìyá òun máa ń so iyọ̀ mọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà jí i. Ó na èékánná àtàǹpàkò rẹ̀ sí mi, ó sì fi ìka kejì tọ́ka sí orí èékánná náà: "Ọmọ mi, iyọ̀ ọbẹ̀ gbogbo ilé wa nìyí." Àbúrò rẹ̀ obìnrin, irun orí rẹ̀ pọ́n, ẹsẹ̀ wú, ikùn yọ síta. Ó kú kí ogun tó parí.

Panla tó ń rẹ́ lójú mi yẹn, láti Norway ló ti ń gba èbúté wọlé kí ogun tó dé. Ẹran màlúù ń ti Òkè Ọya wá. Nígbà tí ọ̀nà méjèèjì dí, tó ku ẹ̀gẹ́ nìkan, kí ni ọmọdé máa fi dàgbà?

Mo mọ ohun tí àwọn kan fẹ́ sọ: Ojukwu, olórí Biafra, ló kọ̀ kí oúnjẹ gba orí ilẹ̀ wọlé. Ó kọ̀ ọ́ lóòótọ́. Ṣé ọmọ kékeré yẹn wà níbi ìpàdé tí wọ́n ti kọ̀ ọ́?

Àwa gan-an mọ̀ ọ́n rí nílẹ̀ yìí. Nígbà ogun Kírìjì, ìtòsí Òṣogbo níbí, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti ọ̀nà òkun mọ́ Ìbàdàn láti 1877, kí ẹ̀tù ìbọn má baà dé ọ̀dọ̀ wọn. Títí di 1893 ni ogun yẹn kò tán nílẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, oṣù Kẹrin 1861, nígbà ogun abẹ́lé wọn, ni Ààrẹ Lincoln pàṣẹ kí wọ́n dí èbúté àwọn ará gúúsù. Ó tó nǹkan bí ọdún mẹ́rin kí àwọn yẹn tó túúbá. Ohun ìjà tó ń fi ọdún ṣiṣẹ́ ni, inú ìkòkò ọbẹ̀ ló sì ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́ rèé. Mo bi ìyá náà pé, "Mà, ká ní wọn ò ti èbúté yẹn ńkọ́?" Mo rò pé á ní àbúrò òun ì bá wà láyé. Ó ní bóyá. Ó wá ní ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin wà nínú ọmọ ogun Biafra. Nígbà tó yá, ọta tán pátápátá lọ́wọ́ wọn, ìyẹn ló jẹ́ kó ju ìbọn sígbó, kó fẹsẹ̀ rìn wálé. Ó ṣì wà láyé dòní. Ó ní ká ní ọkọ̀ ọta ń wọlé ni, kò dá òun lójú pé òun á tún fojú kàn án.

Ohun tó wà lọ́kàn mi kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni láti kọ ọ́ síbí pé kí ẹnikẹ́ni má ti èbúté pa mọ́ láé. Ẹnu mi ò gbà á mọ́. Ọkọ̀ kan náà ló lè kó iyọ̀ àti ọta, ta la sì máa fi sórí omi tó máa yà wọ́n sọ́tọ̀, tí ọ̀tún tòsì á gbà á gbọ́? Ẹ̀yin tí òbí yín wà níbẹ̀ nígbà yẹn, yálà nínú ọkọ̀ ogun tàbí nínú Biafra, ẹ bá mi bi wọ́n.