Ìwé Halo: ibi tí páàdì ò dé ló dùn jù

Àríyànjiyàn lórí The Flood, ìwé tí wọ́n kọ látinú géèmù Halo, kì í tán nílẹ̀ láàárín àwọn tó mọ géèmù náà dunjú. Ẹnì kan á ní kò dùn torí pé ńṣe ni òǹkọ̀wé kàn da géèmù kọ. Ẹlòmíì á ní kò dùn torí pé ó ki ohun tí kò sí nínú géèmù bọ̀ ọ́. Ìwé kan ṣoṣo náà ni wọ́n jọ ń bú o! Èrò tèmi rèé: gbogbo ibi tí ìwé náà ti ń tẹ̀ lé ẹni tó mú páàdì dání ló ti rẹ̀ ẹ́, gbogbo ibi tó sì ti fi onítọ̀hún sílẹ̀, tó lọ yọjú sí àwọn tí géèmù ò ráyè fún, ló ti ta yọ. Àwọn tó ń yìn ín àti àwọn tó ń bú u, ojú ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń sọ.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n (Xbox kò kúkú wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa tó PlayStation): ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá ọdún 2001 ni Halo: Combat Evolved jáde ní Amẹ́ríkà, òun àti Xbox àkọ́kọ́. Ìwé àkọ́kọ́, The Fall of Reach, tí Eric Nylund kọ, ti ṣáájú rẹ̀ dé ọjà ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kí géèmù tó bẹ̀rẹ̀ ló sọ. The Flood, tí William C. Dietz kọ, dé ní 2003, òun ló wá sọ ìtàn inú géèmù gan-an. Àwọn òǹkàwé a máa fi ìwé méjèèjì wéra bí ẹni pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n gbé fún àwọn tó kọ wọ́n. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ̀sẹ̀ méje péré ni Nylund fi kọ tiẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí òǹkàwé tó tíì mọ Master Chief, jagunjagun tí ẹni tó ń gbá géèmù ń darí, nígbà náà, ohun tó bá wù ú ló lè sọ nípa rẹ̀. Dietz ní tiẹ̀ bá ìpele mẹ́wàá nílẹ̀, èyí tí àwọn tó máa ra ìwé rẹ̀ ti gbá dé òpin láìmọye ìgbà.

Ẹ jẹ́ ká mú ìpele tí wọ́n ń pè ní The Library. Master Chief ń wá Index, ohun tí wọ́n fi ń tan Halo, ohun ìjà ńlá tó rí bí òrùka lójú òfurufú. 343 Guilty Spark, ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fò kiri, ló ń ṣamọ̀nà. Wọ́n á dé ẹnu ilẹ̀kùn, á wà ní títì, ẹ̀rọ yìí á ní kí Chief dúró, á lọ ṣí i, Flood á sì ya dé. Àfòmọ́ ni Flood: ara ààyè àti òkú ló ń wọ̀, tá á sì máa darí wọn bó ṣe fẹ́. Wàá máa yìn wọ́n níbọn títí ilẹ̀kùn á fi ṣí, wàá tún lọ bá ilẹ̀kùn mìíràn. Àjà mẹ́rin, ọ̀rọ̀ kan náà.

Àní ẹni tó ń gbá a gan-an ń ráhùn. Ṣùgbọ́n tí páàdì bá wà lọ́wọ́ rẹ, ìpinnu kún inú ìráhùn yẹn. Ìbọn méjì péré lo lè gbé. Ọta ìbọn àgbétèjìká rẹ ń tán lọ, ṣé kó o sọ ọ́ nù, kó o mú òmíràn nílẹ̀? Asà ara rẹ ti lọ sílẹ̀, ó ń ké pípípí, o gbọ́dọ̀ sá sí kọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kó tó kún padà. O ṣì í ṣe, o kú, géèmù dá ọ padà sẹ́yìn díẹ̀, o tún gbìyànjú. Gbé gbogbo èyí sínú ìwé, ó gbẹ pátápátá. Òǹkàwé kò ní ohun kankan láti pinnu, Chief náà kò sì lè kú, torí gbogbo wa la mọ̀ pé ó jáde láàyè. Ohun tó ṣẹ́ kù ni pé ó yìnbọn, ó ki ọta, ó tún yìnbọn. Mi ò rò pé ọwọ́ Dietz ni àbùkù yẹn wà. Òǹkọ̀wé tó mọ ọ̀rọ̀ tò jù ú lọ fíìfíì, tó bá gbà láti tẹ̀ lé ìpele kọ̀ọ̀kan, inú kòtò kan náà ló máa já sí.

Ẹ wá wo Kápútéènì Keyes, ọ̀gá ọkọ̀ òfurufú tó gbé Chief wá. Nínú géèmù, nígbà tí Chief bá fi máa rí i kẹ́yìn, Flood ti gbé e mì. Chief fi ẹ̀ṣẹ́ wọ orí rẹ̀ láti yọ ẹ̀rọ tó wà lọ́pọlọ rẹ̀, ó bùṣe. Ìwé ní tiẹ̀ gbé wa wọ inú orí Keyes. Flood ń tú ìrántí rẹ̀ wò, ó ń wá ibi tí ayé wa wà, èyí tó bá sì tú tán, ó tán lọ́wọ́ Keyes nìyẹn. Ọkùnrin yìí wá di orúkọ rẹ̀, ipò rẹ̀ àti nọ́ńbà iṣẹ́ ológun rẹ̀ mú, ó ń kà á lákàtúnkà. Ẹ̀ẹ̀kan tó bá tún kà á, nǹkan míì ti dín. Kò sí bọ́tìnì tá a lè tẹ̀ lórí páàdì tó lè mú ẹnikẹ́ni dé ibẹ̀.

Jenkins, ọmọ ogun kan, náà ńkọ́? Fídíò tó wà nínú akoto rẹ̀ ni Chief wò nínú géèmù. Nínú ìwé, àfòmọ́ tó wọ̀ ọ́ lára ti gbó, agbára rẹ̀ ti dínkù, kò lè pa ọkàn rẹ̀ run tán. Kò lágbára lórí ọwọ́ ara rẹ̀, àmọ́ ó ń rí gbogbo ohun tí ọwọ́ náà ń ṣe. Ọ̀gá ológun méjì, Silva àti McKay, tí kò sí nínú géèmù rárá, sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń ta ko ara wọn. Silva fẹ́ gba ọkọ̀ òfurufú ọ̀tá, kó gbé e lọ sílé, kó sì gbayì. McKay ń ro ohun tó lè bá wọn wọ ọkọ̀ náà. Ibẹ̀ ni àyà ti ń já, torí àwọn wọ̀nyí lè kú. Yayap, Grunt ojo (Grunt ni àwọn ọmọ ogun kéékèèké ọ̀tá) tó jẹ́ pé ẹ̀rín lásán ni irú rẹ̀ ń pa wá nínú géèmù, náà dára. Ti ọ̀gá rẹ̀, Zuka 'Zamamee, tó fi ìwé odindi lé Chief kiri, kò wú mi lórí.

Àwọn kan ní èdè The Fall of Reach gbẹ. Bẹ́ẹ̀ ni, ó gbẹ. Ṣùgbọ́n gbígbẹ yẹn bá ohun tó ń sọ mu. Ní 2517, Dókítà Catherine Halsey, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ṣa ọmọ 75, ọmọ ọdún mẹ́fà, ó ní kí wọ́n jí wọn gbé, Master Chief sì wà lára wọn. Kí òbí má baà wá wọn, wọ́n fi ẹ̀dà wọn rọ́pò, ẹ̀dà tí wọ́n sáré ṣe, tí àìsàn sì ń pa láìpẹ́. Fún àwa tí ìtàn àbíkú kò ṣàjèjì sí, ó ní bó ṣe ń gúnni lọ́kàn: ìyá àti bàbá ń sin òkú, ará àdúgbò ń pẹ̀ wọ́n, ọmọ wọn gan-an sì wà ní Reach, ayé mìíràn, wọ́n ń kọ́ ọ níṣẹ́ ogun. Nígbà tí àwọn ọmọ náà pé ọmọ ọdún 14, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn kí ara wọn lè ju ti ènìyàn lọ: 30 kú, 12 di aláàbọ̀ ara, 33 ló ṣẹ́ kù. Nylund ò pariwo, ó kà á sílẹ̀ lásán. Ohun tí mo fi dá a lẹ́bi ni ìparí rẹ̀, tó sáré jù.

Ẹ̀hónú míì tún wà, ti ọjọ́ tí kò bára mu. Ìwé ní ọjọ́ 30 oṣù kẹjọ 2552 ni ọ̀tá dé Reach. Géèmù Halo: Reach, tó jáde ní 2010, ní ogun ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ láti oṣù keje. Àwọn òǹkàwé fa irun tu. Èmi kò rí i bí ohun bàbàrà, ọjọ́ ṣeé tún ṣe. Ohun tó ṣòro láti foríjì ni kí ìwé gbàgbé ènìyàn. Nínú ìwé Mass Effect (géèmù mìíràn) tó jáde ní 2012, Deception, tí Dietz kan náà kọ, Gillian, ọmọbìnrin tó ní ọ́tísíìmù nínú ìwé ìṣáájú, kò tún ní in mọ́, kò sì sí àlàyé kankan. Àwọn òǹkàwé kó àṣìṣe inú ìwé náà jọ, ó gùn lọ rẹrẹ, BioWare tó ṣe géèmù náà àti Del Rey tó tẹ ìwé náà sì tọrọ àforíjì, wọ́n ní àwọn á tún un ṣe. Ó tọ́ kí wọ́n bínú.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, The Fall of Reach ni kó kọ́kọ́ kà, kò dìgbà tó bá gbá géèmù. Lẹ́yìn náà, kó gbá Combat Evolved tàbí kó wo àwọn fídíò àárín rẹ̀, kó tó wá ka The Flood. Tó bá ti dé ibi tí Chief wọ Library, kó ṣí ìwé kọjá títí á fi tún rí orúkọ Keyes, Jenkins tàbí McKay. First Strike, tí Nylund kọ ní 2003, ló tẹ̀ lé e. Kí ó má fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀ o, torí kò dúró ṣàlàyé ohun tí méjì ìṣáájú ti sọ. Tí ẹ bá sì fẹ́ ra méjì àkọ́kọ́, ẹ wá èyí tí ilé ìtẹ̀wé Tor tún tẹ̀ ní 2010: wọ́n ti ṣàtúnṣe díẹ̀ nínú wọn, wọ́n sì fi àwọn ojú ìwé tuntun kún wọn.