Danny Shittu, ẹni tí wọ́n ń ránṣẹ́ pè padà

Tí wọ́n bá ní ká dárúkọ àwọn ọmọ Nàìjíríà tó gbá bọ́ọ̀lù nílùú ọba, Okocha, Kanu àti Yakubu lẹ máa kọ́kọ́ pariwo. Danny Shittu ni tèmi. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti bú sẹ́rìn-ín báyìí: "Alárìnkiri yẹn, tó ń ti ẹgbẹ́ kan bọ́ sí òmíràn?" Ẹ rọra ná.

Ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ. Èdè òyìnbó kò ṣe orúkọ yẹn lóore rárá. Ṣítù ni, orúkọ ọmọ Ànábì Ádámọ̀ tí àwọn Mùsùlùmí wa ń sọ ọmọ. Ládùúgbò tiwa, tó o bá pe Ṣítù, èèyàn mẹ́ta lè dáhùn.

Èkó ni wọ́n ti bí i ní 1980, Lọ́ńdọ̀nù ló ti di agbábọ́ọ̀lù. Charlton ló kọ́kọ́ wà, kò ráyè níbẹ̀, wọ́n yá a fún Blackpool. Ní 2001, QPR (Queens Park Rangers), ẹgbẹ́ Lọ́ńdọ̀nù mìíràn, fẹ́ rà á, ṣùgbọ́n gbèsè ti mu ẹgbẹ́ náà dé ọrùn. Olólùfẹ́ QPR kan ló fa owó yọ tí wọ́n fi rà á! Ẹ wò ó dáadáa o: ẹnì kan jókòó, ó ro gbogbo ohun tí èèyàn lè fowó ṣe láyé yìí, ó ní sẹ́ńtà-báàkì lòun máa rà. Àwa tí à ń bá ara wa jà lórí Arsenal àti Chelsea, owó dátà là ń ná.

Ọdún márùn-ún ló lò níbẹ̀. Ní 2003, wọ́n dé àṣekágbá ìgbéga ní Cardiff, Cardiff City sì fi góòlù kan ṣoṣo lé wọn padà sílé. Ọdún kejì, wọ́n na Sheffield Wednesday ní Hillsborough, wọ́n gòkè. Lẹ́yìn náà ló lọ Watford, ó bá wọn gbá Premier League, ó sì bá wọn já wálẹ̀ lẹ́yìn sáà kan. Ó tún kọjá sí Bolton. Ti Bolton, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká sọ ọ́, ìjókòó ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Síbẹ̀, òun náà lẹni tí Lagerbäck, kóòṣì Super Eagles nígbà náà, fi ti Yobo lẹ́gbẹ̀ẹ́ láàárín ẹ̀yìn wa ní ife ẹ̀yẹ àgbáyé ní South Africa lọ́dún 2010. Messi, Higuaín àti Tévez ti Argentina ló kọ́kọ́ dé bá wọn. Heinze fi orí kan ọ̀kan wọlé láti kọ́nà, ó tán síbẹ̀. Enyeama, gólì wa, ni gbogbo ayé kọrin rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó tọ́ sí i, ṣùgbọ́n èmi ń wo àwọn tó dúró níwájú rẹ̀.

Lọ́dún yẹn náà ló wọ Millwall. Ibi tí mo ń lọ gan-an rèé. Ní oṣù kìíní 2011, QPR tó ti tà á tẹ́lẹ̀ ránṣẹ́ pè é padà, wọ́n sì gba ife Championship, líìgì tó tẹ̀lé Premier League, ní sáà náà. Nígbà tí wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀ tán, Millwall náà ní kó máa bọ̀ wálé. Ẹgbẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀! Ẹni tí o kò mọ̀ rí lè tàn ọ́ kó o gbà á síṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti bá ọ ṣiṣẹ́, tó o ti rí i lọ́jọ́ tó rẹ̀ ẹ́ àti lọ́jọ́ tó ṣàṣìṣe, tó o tún wá ránṣẹ́ pè? Ẹ wá fi ìyẹn wé ẹni tó gbá góòlù mọ́kànlá ní sáà kan ṣoṣo tí a ò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ní oṣù kẹta 2013, Millwall lọ tún ìdíje FA Cup gbá nílé Blackburn. Góòlù kan ṣoṣo ló wọlé lálẹ́ ọjọ́ náà. Orí Ṣítù ló ti wá, òun ló sì gbé wọn dé Wembley. Wigan nà wọ́n níbẹ̀ ní 2-0, Wigan yẹn náà ló sì padà gba ife náà lọ́wọ́ Manchester City. Inú ṣì ń bí mi díẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ bi mí nípa Efe Sodje tó máa ń wé aṣọ mọ́rí, ẹ ní sùúrù, tiẹ̀ náà ń bọ̀.