Ojú Wọ́, Owó Tọ́

Ẹ kú oríire o! Gbajúmọ̀ kan tún yọ lórí fóònù mi láàárọ̀ àná, ó ní òun fẹ́ ṣe ínṣọ́ránsì fún ìdí òun. Kì í ṣe ìdí ọ̀rọ̀ o, ìdí ìjókòó ni. Inú mi dùn. Ayé ń tẹ̀ síwájú.

Àmọ́ kó má rò pé òun ló bẹ̀rẹ̀ ẹ. Ben Turpin, ọmọ New Orleans tí wọ́n bí ní 1869, ti ṣe é kí ìyá ìyá gbajúmọ̀ yìí tó gbọ́njú. Aláwàdà sinimá tí kò lóhùn ni. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Essanay, ilé-iṣẹ́ sinimá kan ní Chicago, ní 1907, ó bá Charlie Chaplin, aláwàdà ńlá nì, ṣeré ní 1915, Mack Sennett tó ń ṣe sinimá àwàdà sì gbà á síṣẹ́ ní 1917. Irunmú rẹ̀ dà bí ìgbálẹ̀, ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì sì ń wo imú bí ẹni tó ń ṣọ́ ọ kó má sá lọ. Ojú yìí ni wọ́n ní ó gbé lọ bá Lloyd's, àwọn oníínṣọ́ránsì ní London: bó bá tọ́ lọ́jọ́ kan, kí wọ́n san 25,000 dọ́là.

Ẹ tún un kà. Bí ojú bá tọ́!

Ká ní ọ̀dọ̀ wa ni. Ìyá rẹ̀ á fà á lọ sórí òkè àdúrà, wòlíì á da òróró sí i lójú, àwọn aládùúrà á máa lu agogo. Akọ̀wé ínṣọ́ránsì á jókòó sẹ́yìn, òun nìkan ni kò ní dáhùn Àmín. Wòlíì á pariwo pé, "Ojú, tọ́!" Akọ̀wé á ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Bí ọ̀tún bá wá tọ́ tí òsì kọ̀ ńkọ́, ṣé ìdajì owó ni? Bó bá tọ́ lálẹ́, tó tún wọ́ láàárọ̀? Ta ló máa fi rúlà wọ̀n ọ́n?

Èmi mọ ìdáhùn: wọn ò ní san. Ọdún mẹ́ta ni mo fi sanwó lórí mọ́tò mi fún ilé-iṣẹ́ kan tí n ò ní dárúkọ. Ọjọ́ tí dáńfó já bọ́ńpà mi, wọ́n ní kí n lọ mú dẹ́rẹ́bà dáńfó wá. Ṣé ọlọ́pàá ni mí?

Turpin tiẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ó ń ta takítì, ó ń fẹ̀yìn lulẹ̀ gbì kí aráyé lè rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ń ṣàìsàn, ó pa sinimá tì, ó ń tọ́jú rẹ̀ títí obìnrin náà fi kú ní 1925. Ìwọ gbajúmọ̀ orí fóònù ńkọ́? Iṣẹ́ wo ni ìdí yẹn ń ṣe? O ò mọ ijó, o ò mọ orin, o kàn ń yí ẹ̀yìn sí kámẹ́rà bí ẹni tó ń wá yẹtí nílẹ̀. Jókòó lé e jẹ́ẹ́!

Bí o bá sì dé ọ́fíìsì wọn náà, jọ̀ọ́, bá mi béèrè bọ́ńpà mi.