Aṣọ Gram Parsons àti àkísà àgbà

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òwe yìí ló máa ń wá sí mi lọ́kàn bí mo bá rí fọ́tò Gram Parsons, olórin ará Amẹ́ríkà, nínú kóòtù funfun tó wọ̀ ní 1969. Ṣọ́ọ̀bù Nudie Cohn, télọ̀ àwọn gbajúmọ̀ olórin kántírì ní California, ni wọ́n ti rán an. Wọ́n fi òwú aláràbarà ya àgbélébùú ńlá sí ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n ya ewé igbó àti oògùn oníhóró sí iwájú, iná sì ń jó lára ṣòkòtò. Ọmọ ọdún 22 ni.

Aṣọ kò wọ́n Gram. Ẹbí ìyá rẹ̀ ní oko ọsàn rẹpẹtẹ ní Florida, owó ìdílé sì ń wọlé fún un. Ó ní ohùn, ó sì mọ orin í kọ. Ojú rẹ̀ náà ti rí nǹkan: bàbá rẹ̀ pa ara rẹ̀ nígbà tí Kérésìmesì 1958 ku ọjọ́ méjì, ọtí sì pa ìyá rẹ̀ ní 1965, lọ́jọ́ tí òun gan-an ń jáde ilé ẹ̀kọ́ girama. Ẹnìkan lè ní ìyà yẹn ti tó àkísà. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ìyà lè já lu ọmọ ọdún 12. Kí èèyàn tó ní àkísà, ó gbọ́dọ̀ wọ aṣọ náà títí yóò fi gbó sí i lára.

Ẹ̀yin tí bàbá yín máa ń gbé àwo Jim Reeves sí i láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ẹ mọ bí kántírì ṣe máa ń rọ èèyàn lọ́kàn. Ní 1968, àwọn ọ̀dọ́ onírun gígùn tó ń gbọ́ rọ́ọ̀kì kì í fẹ́ gbọ́ ọ rárá. Gram wọ ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì Byrds, ó sì fà wọ́n lọ sí Nashville. Ní oṣù kẹta ọdún náà, wọ́n kọrin ní Grand Ole Opry, ètò orin orí rédíò níbi tí kántírì ti fìdí kalẹ̀ jù. Olóòtú ti kéde pé orin Merle Haggard, àgbà olórin kántírì, ló kàn. Gram ní rárá, òun máa kọ "Hickory Wind" fún ìyá òun àgbà. Orin náà dùn, ṣùgbọ́n inú bí àwọn onílé. Bí wọ́n bá fún ẹ láyè nílé àgbà, ẹ̀yin ọmọ olórin, ẹ kọ́kọ́ kọ orin tí ẹ bá wọn ṣàdéhùn.

Kò pẹ́ níbì kankan. Nínú oṣù keje, ó fi Byrds sílẹ̀ ní London nítorí pé wọ́n ń lọ sí South Africa, tó ní òun ò ní kọrin níbi tí wọ́n ti ń ya dúdú sọ́tọ̀. Àwọn kan ní àwáwí ni. Èmi gbà á gbọ́, mo sì yìn ín. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ Flying Burrito Brothers tí òun àti Chris Hillman dá sílẹ̀ náà, ní 1970 ó ti kúrò níbẹ̀. Oògùn olóró àti ọtí ti gbà á lọ́wọ́ iṣẹ́. Ọ̀rẹ́ ò wọ́n ọn, àwọn olówó àti olókìkí. Ẹni tó máa gba ife lọ́wọ́ rẹ̀ ló ṣọ̀wọ́n. Bí ẹ bá ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nítòsí, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀bùn rẹ̀ dí yín lójú. Ẹ gba ife náà.

Ọtí àti mọ́fíìnì ló pa á ní Joshua Tree, ní 19 oṣù kẹsàn-án 1973. Ọmọ ọdún 26 ni. Ìtàn bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe jí òkú rẹ̀ gbé lọ sun nínú aṣálẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi pa á nítàn. Kò tọ́ sí i.

Emmylou Harris ni kí wọ́n máa sọ. Ilé fàájì kékeré ní Washington ló ti ń kọrin kí Gram tó mú un wá ṣe elégbè. Ọmọ ọdún 27 ni ọmọbìnrin yìí nígbà tó gbé àwo Pieces of the Sky jáde ní 1975, kò sì dáwọ́ dúró láti ìgbà náà. Wọ́n gbé e wọ Country Music Hall of Fame ní 2008. Irun rẹ̀ ti funfun báláú, ó sì ṣì ń kọ àwọn orin Gram.